Ilé Tí Mo Ń Kọ́ Kò Ní Di Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Mọ́

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ láti Igbó-Elérin níhìn-ín. Mo kí Bùrọ̀dá, mo kí ìyàwó wọn, mo kí àwọn ẹgbẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Torí tiwọn gan-an ni mo ṣe fẹ́ gbé lẹ́tà yìí fún oníwèé ìròyìn. Ẹ ti sọ fún wọn pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mo ń kọ́, mi ò sì lè máa bá wọn sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí mo ti ń gbé mì láti ìgbà òjò nìyí: ilé náà ń rì. Ẹ̀gbẹ́ yàrá yín ni, ògiri ibẹ̀ sì ti là.

Ẹ rántí pé fèrèsé tó kọjú sí ìlà-oòrùn lẹ fẹ́, kí ẹ lè máa jí gbàdúrà nínú ìmọ́lẹ̀. Kí n lè rí i ṣe, mo ní kí bíríkìlà sún ilé sẹ́yìn. Àbàtà ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti Ọ̀jọ́ dé Okokomaiko nìyẹn: wọ́n á da ìdọ̀tí àti èérún pákó sínú omi, wọ́n á da yanrìn bò ó, ilẹ̀ á funfun, á sì wu èèyàn. Ó wu èmi náà.

Ní báyìí, mi ò lè jókòó. Kí n tó dé sítọ́ọ̀ yunifásítì tí mo ń tọ́jú láràárọ̀, mo ti lọ fọwọ́ pa ògiri yẹn wò. Bí òjò bá ṣú, ọkàn mi á bá a ṣú. Èmi nìkan ni mo ń gbé, kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún. Àwọn aládùúgbò ṣì ń pè mí ní láńlọ́ọ̀dù.

Ni mo bá tọ olùkọ́ àwọn ẹnjiníà kan lọ ní yunifásítì náà, ọmọ Èkìtì bíi tiwa, tó jù mí lọ díẹ̀. Wọ́n wá gbẹ́ ilẹ̀ wò, wọ́n bu erùpẹ̀ lọ, wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀. Ìwé mẹ́wàá tí mo kà, ẹ mọ ibi tó mọ. Ṣùgbọ́n bó ṣe yé mi ni pé kọ̀ǹpútà náà gé ilẹ̀ abẹ́ ilé sí wẹ́wẹ́ bí ẹni gé mọ́ínmọ́ín, ó wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ṣe fún mọ́lẹ̀ bí ẹrù bá gùn ún, àti bí yóò ṣe ti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ṣírò, ó tún un ṣírò, títí ìdáhùn ò fi yí mọ́. Wọ́n ní tó bá jẹ́ ilé ilẹ̀ lásán, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rì tó bó ṣe máa rì. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé dẹ́kìn, kọnkéré tó máa gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lé e, ẹ̀gbẹ́ tiyín á lọ sílẹ̀ ju èkejì lọ, ògiri àárín á sì ya.

Bíríkìlà fi mí rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá kọ̀ǹpútà ti po kọnkéré rí. Ó ní gbogbo ilé tuntun ló ń rì díẹ̀ kó tó jókòó, kí n ṣáà fi símẹ́ǹtì dí ojú ibi tó là. Mo ti dí i títí, ó ń là padà. Bíríkìlà ti to pákó dẹ́kìn sókè, ó ku kí ó da kọnkéré.

Mo padà lọ bi olùkọ́ náà bóyá ìṣirò wọn lè ṣì. Wọ́n ní ó lè ṣì, àfojúbù ni. Wọ́n wá wò mí lójú.

“Ìwọ náà fojú bù ú. Ta lo fẹ́ kó sùn nínú yàrá yẹn?”

Mo bá wá sílé wá kọ lẹ́tà yìí, Ìyá mi.

Ẹ má jẹ́ kójú tì yín níwájú ẹgbẹ́ yín. Fèrèsé yín wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí òjò ọdún kan tún rọ̀ sí i, kí n rí i pé kò là mọ́, kí n tó wá mú yín. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó fẹsẹ̀ ara yín wọlé náà. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà.

Lọ́la, kí bíríkìlà tó dé, màá gun àkàbà, màá tú pákó dẹ́kìn yẹn sílẹ̀. Páànù ni màá kàn lé e.

Èmi ni ọmọ yín,
Dáyọ̀