Nọ́ńbà Mi Nínú Fọ́ọ̀mù Ajá

Àbíkẹ́yìn mi,

Mo kí ẹ kú àtọjọ́ mẹ́ta, mo kí ẹ kú iṣẹ́, mo sì kí ẹ kú ìtọ́jú ajá. Olúwa tó ń ṣọ́ ẹ níbẹ̀ kò ní gbàgbé ẹ lọ́jọ́ kan o. Ìyá rẹ kí ẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ àti ìyàwó rẹ̀ kí ẹ, télọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé wa náà kí ẹ, ó ní orúnkún tó ń dun òun ti fẹ́ gbọ́ràn. Wọ́n ní kéèyàn kọ́kọ́ sọ pé àlàáfíà la wà kó tó sọ ohun mìíràn, torí náà àlàáfíà la wà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí o ti fi àwòrán fọ́ọ̀mù yẹn ránṣẹ́, mi ò lè jókòó sójú kan mọ́.

Onígbàjámọ̀ ló bá mi kà á. Ó ní abo ni ajá náà, ọmọ ọdún méjì, ó ní wọ́n fẹ́ yọ ilé ọmọ rẹ̀ kó má baà máa bímọ sójú títì, ó ní inú gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ni wọ́n ti ń ṣe é, àti pé ọ̀fẹ́ ni gbogbo dókítà ibẹ̀ ń ṣe é, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi í pé ṣé ó kà á dáadáa. Mo rí dókítà obìnrin kan nínú fọ́tò gbọ̀ngàn tí o fi tẹ̀ lé e, tó fi ìgbáròkó ti tábìlì, torí kò sí àga tí yóò jókòó lé, àánú rẹ̀ ṣe mí gidi. Ìgbà tí a wá dé ìsàlẹ̀ ìwé ni wàhálà dé. Wọ́n bi ẹ́ pé ta ni kí àwọn pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ tí àwọn ò sì rí ẹ. Nọ́ńbà mi lo kọ síbẹ̀.

Háà, inú mi dùn! Mo sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọ́fíìsì kan wà lókè òkun tí wọn ò lè gbé ẹsẹ̀ láìpè mí. Ọjọ́ náà ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. O mọ̀ pé orí òkìtì pákó ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù káfíńtà mi nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé, mo bá gbé àga síbẹ̀, mo fi fóònù sínú kọ́ọ̀bù tánganran, mo fi kọ́ ìṣó. Bí mo bá lọ gba iná sí i lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, mi ò ní fi sílẹ̀, n ó jókòó tì í ni, òun náà sì ní òun ò lè jẹ́ kéèyàn jókòó lásán sórí àga òun, ló bá fá orí mi lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ilẹ̀kùn olùkọ́ tí mo ń fá lọ́wọ́, etí mi wà lọ́dọ̀ fóònù, mo fá a títí tó fi kéré sí férémù rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n pè. Obìnrin ni, ohùn rẹ̀ tutù, Yorùbá ló tiẹ̀ ń sọ, mo ní wọ́n mà bọ̀wọ̀ fún mi o, wọ́n lọ wá ẹni tó gbọ́ èdè mi. Mo béèrè pé ajá ńkọ́, ṣé ó ti jí, ṣé ọmọ mi ti jẹun. Kò dá mi lóhùn, kò tiẹ̀ mí, ó ń sọ̀rọ̀ lọ ràì, ó ní bí mo bá gbà kí n tẹ ení. Dókítà ń béèrè àṣẹ, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé n ó wá máa fi falẹ̀ ni? Mo tẹ ení. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó lè dá wọn lójú. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá pè mí, orin ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, owó inú fóònù mi sì ń lọ láràárọ̀. Onígbàjámọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó ní àwọn tó ń ta orin ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, yẹ ajá náà wò dáadáa, bóyá wọ́n tún yọ nǹkan mìíràn nítorí ení kejì tí mo tẹ̀.

Ìyá rẹ ò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ń ká aṣọ lórí okùn, ó bi mí pé kí ni mo ń yọ̀ sí. Ó ní ọdún méje lọmọ yìí ti wà níbẹ̀, ilé alájà mẹ́sàn-án ló ń gbé, kò sì rí ẹyọ ẹnì kan nínú gbogbo rẹ̀ tí yóò kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé ajá. Ó ní bí wọ́n bá wá pè mí, kí ni mo fẹ́ ṣe, ṣé n ó fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ ni? Ó kó aṣọ rẹ̀ wọlé.

Tún ìlà yẹn kà, Àbíkẹ́yìn. Wọ́n ní bí àwọn ò bá rí ẹ. Bí o bá ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ta ni yóò kọ́kọ́ mọ̀? Mo mọ̀ pé aláriwo ni mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí lóòótọ́.

Mi ò ní kí o lọ fẹ́ ọkọ o, ìyá rẹ ló ń sọ ìyẹn, yóò sì kọ lẹ́tà tirẹ̀. Èèyàn laṣọ, ohun tí mo ń sọ nìyẹn. O ní ìyá àgbà kan tó ń ká táwẹ́lì nínú gbọ̀ngàn yẹn jókòó tì ẹ́ nígbà tí ajá wà lábẹ́ ọ̀bẹ, ó bu tíì fún ẹ, o ò sì béèrè orúkọ rẹ̀. Irú ìwà wo nìyẹn? Mo ti kan àpótí ìjókòó kan fún dókítà tí kò rí àga jókòó yẹn, mo fá a kó má gún un nídìí. Fi owó tí wọn yóò gbà gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ ránṣẹ́ sí mi, kí o sì fi díẹ̀ lé e nítorí orin inú fóònù. Bó bá ti dé, gbé e padà lọ síbẹ̀, kí o wá ìyá alátáwẹ́lì yẹn rí, kí o béèrè orúkọ, kí o gba nọ́ńbà, kí o sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ tèmi. Má pa tèmi rẹ́ o.

Ilẹ̀ ò ní yọ̀ mọ́ ẹ lẹ́sẹ̀. O ò ní ké kí a má rí ẹni gbọ́. Ojú ọgbẹ́ ajá rẹ á jiná, á jẹun, á sì gbó. Ibi tí èèyàn gbé wà lẹsẹ̀ rẹ yóò máa gbé ẹ lọ, láṣẹ Olúwa.

Èmi ni bàbá rẹ, ẹni tí wọn yóò ṣì máa pè ná.