Àlejò Tí Kò Kí Onílé

Crusher, Lókọ́ja.

Ìbùkún ọmọ mi,

Okun o. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ ní Èkó? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ níbi tí ojú tèmi kò dé. Màmá rẹ kí ọ. Odò tún ti ń kún, nítorí náà mi ò rí oorun sùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe odò nìkan ló fà á.

Fàtíà ọmọ Rùfáì, aládùúgbò wa tó ń kọ́ni ní kọ̀mpútà ní Felele, ló gbé eré orí kọ̀mpútà tí o ṣe wá fi hàn wá. Mo rí ilé wa nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìlẹ̀kùn aláwọ̀ ewé àti igi máńgòrò. Mo tún rí bàbá arúgbó kan lẹ́nu ọ̀nà, tó dé fìlà mi, tí kò mọ̀ ju kí ó máa bèèrè pé ta nìyẹn. Màmá rẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín, torí mo rí i pé ẹni tó ń ṣeré náà wọlé láìkí bàbá yẹn, ó fi ọfà kékeré ojú kọ̀mpútà tẹ tọ́ọ̀ṣì, ó mú un sápò, ó tẹ okùn ìsáṣọ, ó mú un sápò, ó sì fi méjèèjì dọ́gbọ́n ṣí yàrá mi. Fàtíà ní bí wọ́n ṣe ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Nílẹ̀ wa, orúkọ mìíràn là ń pè é. Mo ti gbé tọ́ọ̀ṣì wa pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì ti ká okùn náà kúrò, màmá rẹ wá ń sá aṣọ sórí koríko.

Irinṣẹ́ tí o fi ṣe é tún kó mi lọ́kàn sókè. Fàtíà ní ọ̀fẹ́ ni, pé àwọn tó ṣe é ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè wò ó, kí ó sì tún un ṣe bó ṣe fẹ́. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ̀rọ omi tí ọnọ́rébù kan gbẹ́ fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, àwòrán rẹ̀ wà lára táǹkì, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò rẹ̀ di ìdìbò mìíràn. Jẹnẹrétọ̀ ìjọ wa, gbogbo wa la ni ín, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi ra epo sí i. Mo bi Fàtíà pé ipò wo làwọn oníirinṣẹ́ yìí ń dù. Ó ní wọn kò du ipò kankan, pé àwọn tí kò mọra wọn rí ló ń tún un ṣe fún ara wọn, àti pé ìwọ náà ṣí eré tìrẹ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ni mo bá ní kí ó ṣí i, kí n tún un ṣe. Èmi ń pe ọ̀rọ̀, òun ń tẹ̀ ẹ́. Nísinsìnyí, bí àlejò bá dé, kò sí ohun tí yóò ṣeé mú nínú ilé àfi bó bá kọ́kọ́ kí bàbá náà bí a ṣe ń kíra wa nílé, pé Okun o. Bàbá á dáhùn, á bèèrè ara ilé, ara iṣẹ́, ara àwọn tó wà lẹ́yìn, lẹ́yìn náà á fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un ní kọ́kọ́rọ́. Fàtíà ní ó gùn jù, pé ó yẹ kí èèyàn lè fò ó. Mo ní kò gbọdọ̀.

Ó ní ọwọ́ rẹ ló kù sí bóyá o máa gba àtúnṣe mi wọlé. Gbà á. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn wa kì í ṣe aláwọ̀ ewé mọ́, mo ti kùn ún, afẹ́fẹ́ sì ti wó máńgòrò yẹn láti èṣí. Ìyẹn kò ṣeé tún ṣe láti Èkó. Bàbá tí o yà yẹn, o ò ṣì í yà o. Bí ọ̀kadà bá ti dúró níwájú ilé, èmi náà á bèèrè pé ta nìyẹn. Kì í ṣe ìwọ rí.

Fi owó dátà díẹ̀ ránṣẹ́ sí Fàtíà. Èyí tí o bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí èmi, fi wọ ọkọ̀ wálé. Ọlọ́run á mú ọ dé láyọ̀. Bí o bá sì dé, má wá kọ́kọ́rọ́ kankan. Ṣáà kí mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bámiṣayé