Ìrì Àárọ̀ Lórí Ewé Tábà: Ìgbésí Ayé Màmá Wa, Alábẹ̀wò Oko

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje ọdún 1946 ni a bí màmá wa, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Ẹ-jẹ́-n-wò-ó, sínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá wọn. Atúnkẹ̀kẹ́ṣe ni bàbá náà. Ìyá wọn ń fọṣọ fáwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Nínú ọmọ márùn-ún, àwọn ni ìkẹta, àwọn nìkan sì lobìnrin.

Nígbà tí Màmá wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n tú ìdí táyà kẹ̀kẹ́ oníbàárà kan láti mọ ohun tó ń dún nínú rẹ̀. Wọ́n tò ó padà, ṣùgbọ́n irin róbótó méjì ṣẹ́kù sọ́wọ́ wọn. Bàbá wọn kò gbé pàṣán. Wọ́n ní kí ọmọ náà tún un tú, kó má sì dìde títí irin méjèèjì yóò fi rí ààyè wọn.

Ọdún 1953 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 1969 wọ́n jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, níbi tí obìnrin kò ti ju méjì lọ. Ọdún 1971 ni wọ́n fẹ́ bàbá wa, tíṣà ìṣirò, ẹni tó máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé ìbéèrè mọ́kànlá ni ìyàwó òun bi òun kó tó gbà, ìkejìlá sì ṣì wà nílẹ̀ tí òun ò tíì dáhùn.

Ní 1973 ni ìjọba gbà wọ́n síṣẹ́ alábẹ̀wò, pé kí wọ́n máa lọ wò bóyá ewu ń bẹ fáwọn òṣìṣẹ́ nínú oko ńláńlá. Alùpùpù kan, ìwé àkọsílẹ̀ kan àti bàtà rọ́bà ni irinṣẹ́ wọn.

Ní 1978, ìròyìn kàn wọ́n pé nínú oko tábà kan, àwọn tó ń ká ewé máa ń bì, òòyì a máa kọ́ wọn, àwọn mìíràn a sì dákú kí ọ̀sán tó pọ́n. Máníjà oko ní ọtí àná ni. Ó ti lé èèyàn mẹ́ta dànù lórí ẹ̀sùn náà. Ó nawọ́ sí àwọn bàbá kan láàárín àwọn òṣìṣẹ́ náà tó ń fa tábà, ó ní ṣé àwọn yẹn kì í ṣe èèyàn ni, tí nǹkan kan kì í ṣe wọ́n?

Ọ̀rọ̀ náà kò wọ Màmá létí. Wọ́n gba ìwé tí nọ́ọ̀sì oko ń kọ orúkọ aláìsàn sí, wọ́n sì rí i pé ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú ni àìsàn máa ń pọ̀. Ṣé òjò ló wá ń gbé ọtí fún wọn mu ni? Wọ́n lọ bá ìyá àgbàlagbà kan tó ti dákú lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fọgbọ́n béèrè bóyá ìyá ń mutí.

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ọtí ò kan ẹnu mi rí. Ewé yìí ló ń mu mí.”

Gbólóhùn yìí ò kúrò lọ́kàn Màmá. Nígbà tí òjò tún rọ̀, wọ́n dé oko ní ìdájí, wọ́n bọ́ sí ìlà pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n ń ká ewé. Ìrì rin aṣọ wọn dé awọ ara. Kó tó di aago mẹ́wàá, ilẹ̀ ń yí mọ́ wọn lójú, wọ́n sì bì sórí bàtà máníjà tó wá wòran. Nígbà tí ara wọn balẹ̀, wọ́n padà wọ ìlà kan náà lẹ́yìn tí oòrùn ti gbẹ ewé: nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Wọ́n tún wọ aṣọ òjò àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà sínú ìrì: ara wọn le koko. Ìdí ọ̀rọ̀ wá yé wọn. Oró inú ewé tábà ló ń bá omi gba awọ ara wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ó kàn ti mọ́ àwọn tó ń fa tábà lára ni.

Bàbá wa bínú fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí pé Màmá fi ara wọn dán ewu wò. Ní ọjọ́ kẹrin, bàbá béèrè bóyá ewé náà korò.

Màmá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ká ewé títí ìrì yóò fi gbẹ, kí oko pèsè aṣọ òjò, ìbọ̀wọ́, omi àti ọṣẹ, kí àwọn mẹ́ta tí wọ́n lé sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Máníjà kọ̀, ó ní ọkọ̀ tó ń kó ewé kì í dúró de oòrùn. Màmá fi ìwé àṣẹ ti oko náà pa. Àṣé ọ̀rẹ́ ọ̀gá wọn ni máníjà. Wọ́n gbé Màmá lọ sí yàrá fáìlì, níbi tí wọ́n ti lo oṣù mẹ́rìnlá nínú eruku. Wọ́n sunkún lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bàbá wa ló sọ fún wa.

Ṣùgbọ́n Màmá ti buwọ́ lu àṣẹ náà, kò sì ṣeé yí padà. Kí oko tó ṣí, máníjà ní láti mú un ṣẹ. Nígbà tí òjò ọdún kejì dé, aláìsàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n lóṣù ti di méjì. Nọ́ọ̀sì oko fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé orúkọ aláìsàn náà lọ sí olú ọ́fíìsì, ló bá tẹ́ ẹ síwájú ọ̀gá àgbà. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Màmá fi padà sórí alùpùpù wọn.

Wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2003. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ láti ka ohun tí wọ́n kọ sára kẹ́ẹ̀gì oògùn kòkòrò, àti pé kí wọ́n dá kẹ́ẹ̀gì náà lu tó bá ṣófo, kẹ́nikẹ́ni má baà fi pọnmi mu. Ní ilé àdúrà, oníwàásù jẹ́wọ́ pé nítorí ìbéèrè Màmá lòun ṣe ń múra sílẹ̀ dáadáa kóun tó gorí pẹpẹ.

Bàbá wa ṣáájú wọn lọ ní 2009. Màmá tẹ̀lé wọn ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún ọdún 2024, lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Wọ́n fi ọmọ mẹ́rin sáyé lọ: nọ́ọ̀sì, tíṣà, aránṣọ àti awakọ̀ katakata, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, àti àbúrò wọn ọkùnrin kan.

Ìyá wa, ẹ ti ṣiṣẹ́, ẹ sinmi. Kí ilẹ̀ tí ẹ fi gbogbo ayé yín ṣọ́ àwọn tó ń ro ó gbà yín tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Ẹ sùn ire, ó dàárọ̀ o.