Ẹ̀rọ Ìránṣọ Bísí Tún Padà Wálé

Ọjọ́ Ajé, ìrọ̀lẹ́, Òmù-Àrán

Ọmọ mi Bísí tún ru ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wálé lónìí. Ó ní ìbínú ìyá aránṣọ tó ń kọ́ òun níṣẹ́ ti pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ náà sú mi. Mo ní, ọ̀gá wo ni kì í bínú? Èmi náà ṣe káfíńtà, mo ṣe bíríkìlà, mo ṣe kọ́ndọ́ ọkọ̀ Ìgbàjà kí wọ́n tó dá Kwara sílẹ̀.

"Bàbá, èwo lẹ gba fúrídọ̀mù rẹ̀ nínú wọn?"

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín ní ilé ìdáná.

Mo fẹ́ sọ fún un pé ìbínú ọ̀gá máa ń rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò dúró ti ọ̀gá kankan pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí, báwo ni mo ṣe mọ̀?

Lọ́la, èmi ni n ó ru ẹ̀rọ náà padà, n ó sì dọ̀bálẹ̀ bẹ obìnrin náà. Bó bá bú mi, n ó dúró gbọ́ ọ tán.