Orúkọ Jabez ní Ọrùn Mùsílíù

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kejì, 2025

Nọ́ọ̀sì ní kí a máa kọ bí ara ọmọ yìí ṣe ń rí lójoojúmọ́. Ibà, oúnjẹ, èébì. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ kọ ti àná: "Mo jẹun dáadáa." Irọ́. Ṣíbí mẹ́ta ló jẹ. Mo ní ó tán, láti òní lọ èmi ni n óo máa sọ, ìwọ ni o óo máa kọ. N kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n mo ríran. Má sì tún ọ̀rọ̀ mi ṣe.

Ó yá, kọ ọ́. Mùsílíù lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọmọ mi, ẹni ogún ọdún. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni mo ń pè é. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ti lọ́kọ mìíràn ní Ìsẹ́yìn. Yàrá kan lèmi àti ẹ̀ ń gbé ní Ilo-Awela, iwájú ibẹ̀ ni mo ti ń ta èédú. Kókó yọ sí i lọ́rùn lọ́dún tó kọjá. Kẹ́míìsì àkọ́kọ́ ní ibà ni. Ìkejì ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. A lo oògùn ikọ́ títí, kókó kan di mẹ́ta. Jẹjẹrẹ ni.

Kọ ọ́ — jẹjẹrẹ. Ó wò mí lójú kó tó kọ ọ́.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ó jẹ ẹ̀kọ kan àbọ̀. Ó ní kí òun kọ méjì. Mo ní rárá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ọjọ́ omi. A lọ sí ọsibítù ńlá, wọ́n fa omi oògùn sí i lápá. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí. Lọ́hùn-ún, ọmọ mi kì í ṣe Mùsílíù. Jabez ni.

Ojúlówó Jabez, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Iléeṣẹ́ ike kan náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n jọ ń dúró tì. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ gidi ni Jabez, ó ń gbowó oṣù. Kásúà ni tèmi, owó ojúmọ́ ni wọ́n ń san fún un. Bó bá ti jáde ní géètì, wọn kò mọ̀ ọ́n mọ́. Iléeṣẹ́ fún Jabez ní káàdì ìtọ́jú. Jabez kò ṣàìsàn rí. Ó gbé káàdì fún wa. Àwòrán tó wà lára káàdì dúdú, kò jọ ẹnikẹ́ni, kò jọ Jabez pàápàá.

Káàdì yẹn ló ṣílẹ̀kùn. Àwa wọlé, wọ́n fún wa ní àga tó ń sùn sẹ́yìn. Àwọn tí kò ní káàdì wà lórí bẹ́ǹṣì níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ìsanwó. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, Dásọ́lá, tó ń kọ́ṣẹ́ irun ṣíṣe ní Tóògéètì. Kókó ọrùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó ní, "Mà, ẹ̀yin ti ń wọlé kẹ̀? Àsìkò kan náà mà la dé." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì ń pe "Jabez! Jabez!" Ọmọ ń wo òrùlé. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.

Dókítà Olójú-mẹ́rin ní irú jẹjẹrẹ yìí, àwọn ọ̀dọ́ máa ń yè é bí wọ́n bá rí omi gbà lásìkò. Ọ̀dọ́ ló sọ. Kò sọ pé ọ̀dọ́ oníkáàdì.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Èébì. Irun ń já. Jabez wá kí i, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà: "Jabez, báwo ni ara mi?" Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní, "Irun ẹ mà ti ń já." Wọ́n rẹ́rìn-ín bíi wèrè. Jabez jẹ oúnjẹ tí aláìsàn kò jẹ, ó lá abọ́. Mo ní ṣé ó fẹ́ ṣàìsàn náà kún un ni?

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mo fi ìka wá èyí tó kéré jù nínú kókó mẹ́ta ọrùn rẹ̀. N kò rí i mọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ ogún

Omi ẹ̀ẹ̀kẹta. Dásọ́lá kò sí lórí bẹ́ǹṣì. Mo bi nọ́ọ̀sì. Ó ní kò wá mọ́ láti ọjọ́ yẹn, ó sì yí ojú sí ibòmíràn.

Nínú ọkọ̀, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní, "Màmá àgbà, ká ní n kò mọ Jabez ńkọ́?" Mo ní kó jẹ ọsàn rẹ̀.

Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Jabez wá. Kò ṣàwàdà. Ìròyìn ọsibítù ti dé iléeṣẹ́: Jabez ní jẹjẹrẹ. Wọ́n ní kó lọ sinmi nílé, kò sí owó oṣù. Àwọn kò fẹ́ kí aláìsàn ṣubú lu ẹ̀rọ. Bó bá ní òun kọ́, wọn ó bi í pé ta wá ni. Omi dúró nìyẹn. Bó bá dákẹ́, iṣẹ́ lọ, ṣùgbọ́n káàdì á ṣì máa ṣílẹ̀kùn. Ó ní òun ó dákẹ́, oṣù Kẹfà tí omi máa parí kò jìnnà.

Ta ló kọ́ ọ ní irú ìwà yìí? Mo bi í.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ẹni tí ara rẹ̀ le ni wọ́n ní kó lọ sinmi. Kò yé mi.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ìyá Jabez wá láti inú Ọ̀tà, gèlè lọ́wọ́. Iléeṣẹ́ ti sọ fún un. Ọmọ rẹ̀ ní irọ́ ni, ara òun dá. Ìyá ní ọmọ ń fi pa mọ́ fún òun ni. Ó kúnlẹ̀ sínú èédú mi. "Ìyá Eléèédú, mo gbọ́ pé irú rẹ̀ ló ṣe ọmọ yín, mo sì rí i pé ó ń sàn. Ẹ dákun, kí lẹ lò?"

Èmi tí ẹnu mi kì í dilẹ̀. Mo ní omi ni. Ó ní omi wo? Mo ní omi ọsibítù. Ó ní òun ó ta ilẹ̀ bàbá òun. Mo ní kó má tíì tà á. Ó ní kí ló dé? Mo ní kó ṣáà má tíì tà á. Ó dìde, eékún rẹ̀ dúdú, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà lẹ́yìn kọ́tìnì. Kọ ọ́ pé mo rí ẹsẹ̀ rẹ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Jabez ló ń kọ ti òní. Nígbà tí mo kírun àárọ̀ tán, ẹní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ṣófo. Ó ti lọ sí iléeṣẹ́. Kásúà ni, wọn kò jẹ́ kó wọlé. Ó tú aṣọ ọrùn rẹ̀ níwájú géètì, ó ní kí wọ́n pe ọ̀gá. Ọ̀gá jáde. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní, "Èmi ni mo ni kókó yìí. Kò sí nǹkan tó ṣe Jabez."

Ọ̀gá pariwo, ó ní olè ni àwọn méjèèjì. Wọ́n gba káàdì. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ẹ̀rọ yẹn lò kò pọ̀: kí Jabez padà wá lọ́jọ́ Ajé. Kí èkejì má débẹ̀ mọ́.

Inú bí mi sí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Mo tún fẹ́ gbé e pọ̀n. Jabez, má fi omijé ba ìwé mi jẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta

Ọjọ́ omi. Orí bẹ́ǹṣì ni a wà, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń kọ ọ́ lórí itan. Ibi tí Dásọ́lá jókòó sí ló jókòó sí. N kò sọ fún un. Ó mọ̀.

Owó èédú wà lápò mi, àti èyí tí Ìyá Jabez mú wá. Ó ti gbọ́ òótọ́. Kò bú mi. Kò sì rẹ́rìn-ín. Owó náà kò tó.

Olójú-mẹ́rin ṣí fáìlì tuntun fún Mùsílíù. Omi mẹ́ta tó ti gbà, kò sí ọ̀kankan nínú rẹ̀. Kókó tó ti lọ ńkọ́, ta ló lọ lọ́rùn rẹ̀? Mo bi í pé àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ ní wọ́n ń yè é yẹn, ṣé ọmọ mi ṣì wà lára wọn? Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ó ṣì ń nù ún nígbà tí a jáde.

Wọ́n ti ń pè. "Mùsílíù!" Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n pè é, ó ti dáhùn. Láti ọjọ́ tí a ti ń wá síbí, èyí ni àkọ́kọ́ tí n kò fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.

Fèrèsé ìsanwó ni wọ́n ti ń pè é.