Ewé Tí Mo Já Sójú Sánmà

                                        Ilé Agbégẹdú,
                                        Ẹ̀yìn Ìkòríta Adébáyọ̀,
                                        Adó-Èkìtì.
                                        Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, Oṣù Òkúdu, 2025.

Ilésanmí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Kú ọjọ́ mẹ́ta. Kú òjò tó ń rọ̀ yìí, kú afẹ́fẹ́ Ìgèdè. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ-ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí o rí oorun ọ̀sán sùn? Orúnkún rẹ ńkọ́? Mo gbọ́ pé o ti ń rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì láì mú ọ̀pá, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa.

Ní tèmi, ara mi le bí ìrókò. Ojú nìkan ló fẹ́ gba ìsinmi. Ohun tó wà lọ́nà jíjìn ni kò fẹ́ rí mọ́, èyí tó wà níwájú imú mi, ó ń rí i kedere. Ìyẹn ni Dùnmínínú ọmọ mi rí tó fi gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ mi. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n wá bá òun ní ọ́fíìsì pé bàbá òun ti wọ kòtò. Èmi! Èmi tí mo ti ń wa gẹdú láti Ìjàn dé Èkó nígbà tí ọ̀nà náà kò tí ì fojú kan ọ̀dà!

Má bá mi káàánú o. Mo ti padà sídìí ọkọ̀. Tí o bá sì gbọ́ ibi tí mò ń wà á lọ, wàá wá nǹkan jókòó lé. Ojú sánmà ni, láàárín àwọn ìràwọ̀.

Géèmù ni. Má tíì rẹ́rìn-ín, gbọ́ mi tán ná. Nígbà tí ìjà kọ́kọ́rọ́ náà pọ̀ jù nínú ilé, Dùnmínínú mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù Dàmọ́lá, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí wa, pé kí n máa rí ibi jókòó sí ní Sátidé. Mo rò pé àwọn ọmọ kéékèèké ni màá bá níbẹ̀. Rárá o. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ni, àwọn tó ń gba owó oṣù, oníkálukú di ọ̀pá ìwakọ̀ mú, wọ́n tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà bí ẹni tó gbé ẹyin gun òkè.

Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí nínú rẹ̀. Òkìkíọlá ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn, nọ́ọ̀sì ni. Ó ní, "Bàbá, ní wọ́ọ̀dù, gbogbo ayé ló ń pè mí lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ojú sánmà yìí, kò sẹ́ni tó ń pe nọ́ọ̀sì." Tíṣà kan tó ń jẹ́ Olúyẹmí, ẹlẹ́nu mímú, sọ pé ohun tó wu òun ni bó ṣe tóbi tó. Ó ní ibi tí Ọlọ́run fi àwọn ìràwọ̀ tí a mọ̀ sí gan-an ni wọ́n fi wọ́n sí nínú géèmù náà, àti pé bí gbogbo wa bá fi ọjọ́ ayé wa wakọ̀, a ò ní rí ìdá kékeré nínú wọn. Dàmọ́lá ní tirẹ̀ sọ pé géèmù yìí kì í pàṣẹ fún ènìyàn. O fẹ́ ṣòwò, ṣòwò. O fẹ́ rìn kiri, máa rìn lọ. O fẹ́ máa gbé epo fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dákú lọ́nà, iṣẹ́ gidi nìyẹn náà.

Ilésanmí, kí n sọ tèmi fún ọ. Bí ẹrù bá wúwo, ọkọ̀ náà ń kérora bíi mọ́tò wa! Kò ní fẹ́ yà, kò ní fẹ́ dúró, o gbọ́dọ̀ ti ọ̀nà jíjìn tẹ bíréèkì. Tí o bá sì fẹ́ já ẹrù, gáréèjì ojú sánmà náà ń yí lórí ara rẹ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì há bí ọ̀nà ilé ahun. Ìwọ náà á máa yí pẹ̀lú rẹ̀ ni kí o tó wọlé. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń fọ́ ọkọ̀. Lóòótọ́, ọkọ̀ mi ha ògiri lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ta ni ògiri kì í ha? Láti ọjọ́ náà, wọ̀ọ́ ni mò ń wọlé. Ìwé kejì ni mo dé kí bàbá mi tó kú, o mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kò sẹ́nikẹ́ni tó bi mí léèrè ìwé ẹ̀rí níbẹ̀. Bàbá Ọlọ́kọ̀ ni wọ́n ń pè mí.

Nǹkan kan wá wà tó gbà mí lọ́kàn jù. Bí o bá dé ọ̀dọ̀ ìràwọ̀ tí ẹlẹ́ran-ara kankan kò dé rí, tí o sì kọ́kọ́ gbé ìròyìn rẹ̀ délé, ìyẹn gáréèjì tí a ti gbéra, wọn yóò kọ orúkọ rẹ sí i. Gbogbo ẹni tó ń ṣe géèmù náà káàkiri ayé, tó bá débẹ̀, orúkọ rẹ ni yóò kà. O rántí ọ̀nà tí èmi àti ìwọ fi táyà là nínú igbó Ìjàn. Orúkọ ta ló wà lójú pátákó ibẹ̀ lónìí? Ẹni tí kò tẹ ẹrẹ̀ ibẹ̀ rí! Mo wá ní, ó dáa, ẹ di ilẹ̀ mú, èmi á gba ìràwọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan la fi jọ rìn lọ sí ọ̀nà jíjìn, èmi, Olúyẹmí, Òkìkíọlá àti Dàmọ́lá. Èmi ni mo kọ́kọ́ yọ sí ìràwọ̀ kan tó funfun báláú, tí ayé ńlá kan ń yí i ká, ayé náà sì dé òṣùká bíi ti ìyá tó ń ru igi bọ̀ láti oko. Kò sẹ́ni tó dé ibẹ̀ rí. Orí mi wú. Kí n tó mí, Olúyẹmí ti yọ lẹ́yìn mi, ó sì ti rí i.

Ó ní, "Bàbá, ẹni tó bá kọ́kọ́ délé ló ni orúkọ o!" Ó ti yí ọkọ̀ padà bó ṣe ń sọ ọ́.

Mo bá a sáré. Ilésanmí, mo bá a sáré! Lára ìràwọ̀ tó ń jó bí oòrùn ni ọkọ̀ ti ń bu epo níbẹ̀; mo mọ bí wọ́n ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láì jẹ́ kí ọkọ̀ jó, ìyẹn ni mo fi yà á sílẹ̀. Ó di Sátidé kan tí gbogbo wa ń bọ̀, tí ilé ò jìnnà mọ́, ni Òkìkíọlá figbe ta. Ó ti yà sí ìdí ìràwọ̀ kan tó ti kú, tí kò ṣeé bu epo, epo rẹ̀ sì ti gbẹ. Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ló kù, ìyẹn náà ń tán lọ. Bí ó bá tán, gbogbo ìràwọ̀ tó ti rí láti ìgbà ọyẹ́ tí kò tíì ròyìn délé á di òfo, àfi bí ẹni pé kò jáde nílé rí. Dàmọ́lá ló ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún ẹlòmíràn lépo, ó sì wà lẹ́yìn gan-an.

Olúyẹmí ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ súnmọ́ ọn jù. Ẹ lọ wò ó." Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, ó sì ń wakọ̀ rẹ̀ lọ.

Mo mọ ohun tó ń ṣe. Ọwọ́ mi kọ̀, kò fẹ́ yí ọ̀pá náà. Mo ń wo ilé níwájú, mo ń wo orúkọ mi. Ṣùgbọ́n ìwọ sọ fún mi, ọ̀rẹ́ mi, nígbà wo ni èmi àti ìwọ kọjá lára awakọ̀ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà? Mo yí padà.

Nígbà tí mo débẹ̀, mo ṣe bí awakọ̀ ṣe ń ṣe. Mo dúró, mo pa ẹ́ńjìnnì. Àpótí kọfí ni mo rù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jù wọ́n sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan.

Òkìkíọlá ní, "Bàbá, kí lẹ ń dà nù?"

Mo ní, "Ewé ni mò ń já sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ, kí ẹni tó ń bọ̀ má baà kọlù ọ́."

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Olúyẹmí ní, "Nínú òkùnkùn ayérayé yìí? Ta ló ń bọ̀?" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga.

Dàmọ́lá dé, kò rí wa. Lẹ́yìn tí mo dé, Òkìkíọlá ti pa gbogbo nǹkan inú ọkọ̀ rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè tọ́jọ́, èmi náà sì ti pa ẹ́ńjìnnì mi. Èmi ò mọ̀ pé ọkọ̀ tí wọ́n bá ti pa kì í hàn sí ẹnikẹ́ni! Ó wá ọ̀tún, ó wá òsì. Òkìkíọlá ń pariwo pé afẹ́fẹ́ ti fẹ́ tán. Ni Dàmọ́lá bá ní, "Ẹ dúró. Mo ń rí nǹkan. Àpótí ni. Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lọ."

Mo ní, "Tọ ewé náà, ìwọ ọkùnrin yìí! Ọkọ̀ kì í jìnnà sí ewé!"

Ó tọ̀ ọ́. Epo wọlé. Òkìkíọlá fò dìde, ó dì mọ́ mi, díẹ̀ ló kù kó fọ́ jígí ojú mi. Àárín ariwo yẹn ni Olúyẹmí kígbe pé òun ti délé, orúkọ òun ti wọlé. Ó ti gba ìràwọ̀ mi.

Ṣé ó dùn mí? Ó dùn mí. Uyán tí ìyàwó mi gún lọ́jọ́ náà, mi ò jẹ ẹ́ tán, o sì mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ lára ọmọ Èkìtì.

Ṣùgbọ́n Òkìkíọlá ò dákẹ́. Ó ròyìn fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe é lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn ará Ìbàdàn, àwọn tó wà ní Kánádà. Ní báyìí, bí ọkọ̀ ẹnì kan nínú wọn bá dákú, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á ju àpótí sẹ́yìn rẹ̀. Já ewé ni wọ́n ń pè é, ní ojúlówó Yorùbá, wọ́n sì ń sọ pé Bàbá Ọlọ́kọ̀ kan ní Adó ló dá a sílẹ̀.

Ní Sátidé tó kọjá yìí, mo rí i tí Olúyẹmí dákẹ́ lójijì. Ẹlẹ́nu mímú dákẹ́! Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Bàbá Ọlọ́kọ̀, epo mi ti tán. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi já ewé."

Mo bọ́ jígí ojú mi, mo nù ún, mo tún un nù. Mo ní, "Tíṣà, ìràwọ̀ rẹ ńkọ́, ṣé òun ò lè bá ọ já a ni?" Wọ́n pariwo títí ẹni tó ń ta páànù lódìkejì fi wá yọjú. Lẹ́yìn náà, mo yí ọkọ̀ padà lọ bá a, mo sì da gbogbo ẹrù mi sẹ́yìn rẹ̀, kò ku ẹyọ kan. Mi ò sì pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àgbà kì í kọ́ ẹ̀kọ́.

Wá sí Adó ní Sátidé tó ń bọ̀. Kò sí ohun tí orúnkún ń ṣe níbẹ̀, ọwọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo ti sọ fún wọn pé ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ọkọ̀ wà tó mi, nítorí náà má dójú tì mí.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì kí pásítọ̀ yín. Ìyàwó mi ń kí ọ. Dùnmínínú náà ń kí ọ, ó ní òun ò ní dá kọ́kọ́rọ́ padà. Kí ó máa mú un lọ.

Èmi náà ni, ẹni tí ẹ jọ jẹ eruku ọ̀nà,
Ọmọ́níyì,
Ọlọ́kọ̀ orí ilẹ̀ àti ti ojú sánmà.