Orúkọ Tí Wọ́n Fi Ọwọ́ Sọ Ẹ̀rínọlá

Títílọpẹ́ Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Ajégúnlẹ̀ níbẹ̀? Ṣé òjò kò wọ yàrá yín mọ́? Ọkọ rẹ Reuben ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn kò dùn ún jù níbi ẹrù tí ó ń já lójú omi Kirikiri? Olúwa tí kò jẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi rì yóò ṣọ́ òun náà. Àwa náà wà, a dúpẹ́, ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, orúnkún mi ṣì ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Mo mọ̀ pé o ní kí n máa tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, fóònù a máa bá mi parí ọ̀rọ̀ tí mi ò tíì rò. Ìwé ní sùúrù jù ú lọ.

Àbẹ̀kẹ́, láti Kérésì èṣí ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ lórí Ẹ̀rínọlá ọmọ rẹ. Gbogbo wa ń kígbe mọ́ ọn bí ẹni pé igbe ni yóò la etí rẹ̀, títí ó fi lọ dá jókòó sídìí kànga, tí ó sì júwe fún ọ pé òun kò ní wá sílé wa mọ́ láé. Nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé tí ẹ kọ́kọ́ mú un lọ ní Boundary tún ní àwọn kò ní olùkọ́ fún irú rẹ̀, oorun kò kùn mí.

Àṣé ọ̀rọ̀ ṣì kù. Akọ̀wé ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ tí o lọ bá ní ọmọ náà kì í ṣe ẹrù tìrẹ nìkan, pé ìjọba ni ó yẹ kí ó yẹ etí rẹ̀ wò, kí ó wá olùkọ́ tí ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, kí ó sì fi í jókòó níwájú láìgba kọ́bọ̀. Mo jó yí àgbàlá ká, ọbẹ̀ mi jóná. Níwọ̀n bí ìjọba ti gbà á báyìí, jọ̀wọ́ sọ fún akọ̀wé náà pé Ẹ̀rínọlá kì í jẹ ẹ̀wà, inú a máa run ún, àti pé kí ẹni tí ìjọba bá ní kó máa di irun rẹ̀ rọra, orí rẹ̀ kì í gba ìrora. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi sí i létí náà ń kọ mí lóminú. O ní ariwo ni ó ń gbà wọlé. Bí ẹ bá ń kọjá ní Malu Road, ẹ yọ ọ́ sápò, kí fèrè tírélà má baà kún un, kí ohùn olùkọ́ má wá ráyè wọ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n mo bínú sí ọ̀rọ̀ kan, mi ò níí purọ́. O ní Mirabel, olùkọ́ tuntun tí ìjọba wá fún un, tí etí tirẹ̀ náà di, ti fún ọmọ wa ní orúkọ ọwọ́: pé bí ènìyàn bá fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, níbi tí ti Ẹ̀rínọlá ti máa ń jìn bí ó bá ń rẹ́rìn-ín, tí ó sì yí ìka náà, òun ni ó pè yẹn. Mo ní háà! Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé ta ni Mirabel wò? Ta ni ó fi oyin tọ́ ọmọ lẹ́nu? Ṣé inú kíláàsì, láàárín àwọn ọmọ tí ń jẹ gúgúrú, ni wọ́n ti ń sọ ọmọ ènìyàn lórúkọ?

Mo bá ké sí gbogbo ẹbí kí a wá ṣe é bó ṣe yẹ. Bàbá Ọládòṣù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ni wọ́n darí ètò. A gbé oyin, iyọ̀, orógbó àti àwo omi kalẹ̀, àlùfáà ìjọ wa gbàdúrà. O mọ ìṣe wa, wàá tọ́ oyin lá, wàá sọ owó sínú omi, wàá wá pe orúkọ ọmọ. Ṣùgbọ́n ìka tí a fi tọ́ oyin ni a tún fi pe orúkọ! Kí a tó mọ̀, oyin ti wà lẹ́rẹ̀kẹ́ gbogbo ilé títí kan ti àlùfáà, eṣinṣin sì wá bá wa ṣe ìkómọ. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Bàbá Ọládòṣù, tí ogbó ti dí létí, tí wọ́n máa ń béèrè ní gbogbo ìpàdé pé kí la wí, kí la wí, kò béèrè nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní láti ìgbà tí etí àwọn ti lọ, ìsọmọlórúkọ àkọ́kọ́ tí àwọn gbọ́ délẹ̀ nìyí. Omi bọ́ lójú mi, mo fẹ́ nù ún, mo fi oyin sójú.

Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ pè wá lórí fídíò. Gbogbo wa na ìka sẹ́rẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. O rí bí ọmọ náà ṣe rẹ́rìn-ín tó, tí ó ń ju ọwọ́ sọ́tùn-ún sósì. Mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó rọra, torí bí ó ṣe ń jùwọ́ tó ni dátà mi ń lọ, ó kúkú tán lóòótọ́. Nígbà tí o wá ránṣẹ́ pé ọmọ náà ti ń di ẹrù àtiwá sílé wa, pé o sọ fún un pé Kérésì ṣì jìnnà, kò gbà, mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ níbi tí mo wà, tòun ti orúnkún mi.

Jọ̀wọ́ fi owó ránṣẹ́ fún dátà, kí ó jẹ́ oríṣi tí ó lè gba ọwọ́ méjèèjì, kí o sì ra ìpara fún orúnkún mi. Owó inú omi yẹn ti ọmọ ni, mò ń sá a lórí páànù, má fojú sí i. Ẹ̀bẹ̀ mi tí ó tóbi jù ni pé kí o bá mi kí Mirabel, mo ti dárí jì í, kí ó bá èmi náà wá orúkọ ọwọ́ kan. Oyin ṣì kù nínú ìgò. Ẹ̀rínọlá ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́jọ, kò tíì pè mí rí.

Ọlọ́run yóò dá a padà sílé fún wa láyọ̀. Ẹ kò ní pe ẹni rere kí ó má dáhùn. Ọ̀nà Ajégúnlẹ̀ yóò máa là fún yín lọ, yóò máa là fún yín bọ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, tí ó ń retí orúkọ.